Ẹ̀jẹ̀ Tí Rufus Ń Gbé Lọ sí Oǹdó

Ebi ló mú Morẹ́nikẹ́ àti Rufus mọ ara wọn. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Alágbàka, l'Àkúrẹ́, ni wọ́n jókòó sí. Láti alẹ́ àná ni wọn ò ti fẹnu kan nǹkan kan, ẹni tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ kò sì tíì dé. Inú Morẹ́nikẹ́ bá kùn, gbogbo èèyàn gbọ́.

"Tèmi nìyẹn o, ẹ má bínú," ni Rufus yára sọ.

Ẹ̀rín pa Morẹ́nikẹ́. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tí Morẹ́nikẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ ló ní kó wá. Ní ti Rufus, olùkọ́ yunifásítì, ọmọ Oǹdó, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń yẹ ṣúgà, ọ̀rá àti kíndìnrín rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ ló pa bàbá rẹ̀, bàbá náà ò sì tíì pé àádọ́ta ọdún.

"Mo fẹ́ darúgbó, Níkẹ̀ẹ́ mi," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo sì fẹ́ darúgbó sí."

Ta ni ọkàn rẹ̀ ò ní yọ́?

Nígbà tó yá, Rufus fi ilé àyẹ̀wò Àkúrẹ́ sílẹ̀. Ó ní èsì wọn máa ń pẹ́, bó bá sì dé, kò sẹ́ni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fúnni. Ó ti rí òmíràn ní Oǹdó tí wọ́n ti ń ṣe é lójú ẹsẹ̀. Kò burú. Àmọ́ obìnrin ló ń pè é láti ibẹ̀! Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, fóònù dún, Rufus sì jáde lọ gbọ́ ọ lọ́dẹ̀dẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ta nìyẹn?"

"Hameedat ni. Òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ mi."

"Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń fà?"

Rufus tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Morẹ́nikẹ́ ju èébú lọ.

Màmá Morẹ́nikẹ́ wá da epo sí iná ọ̀rọ̀ náà. "Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ l'Àkúrẹ́ ni? Ọkùnrin tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri, bí kò bá fi àìsàn pamọ́, á fi obìnrin pamọ́. Mi ò gba àlejò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan, àfi tó o bá wádìí ẹ̀."

Bí owú ṣe gbé Morẹ́nikẹ́ wọ mọ́tò Oǹdó nìyẹn, láàárọ̀ Sátidé. Ó jẹ dòdò àti ẹ̀wà ní gáréèjì, ó sì fi mínírà tì í.

Hameedat lẹ́wà. Ìyẹn gan-an ló dun Morẹ́nikẹ́ jù. Ó ní òun wá ṣe gbogbo àyẹ̀wò.

"Àǹtí, ṣé ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan?"

"Rárá o." Bó bá ní òun ti jẹun, wọ́n á ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, kò sì ní ráyè wádìí ohunkóhun.

Wọ́n béèrè nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Ti Rufus ló fún wọn, kí obìnrin yìí lè mọ ẹni tó ni ín.

Ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ wò, ó sì ga gan-an. Ojú Hameedat yí padà. Ó gbé fóònù, ó bọ́ síta.

Kò pẹ́ tí Rufus fi já wọlé. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú ìlú ló wà. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bára mu.

"Níkẹ̀ẹ́, má bẹ̀rù. A jọ máa tọ́jú ẹ̀ ni. Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀." Omi ti lé ròrò sí i lójú.

Ìtìjú bo Morẹ́nikẹ́. "Mo ti jẹun," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Dòdò àti ẹ̀wà. Mo mu mínírà."

"Kí ló dé tó o fi purọ́?"

"Owú ni. Mò ń jowú Hameedat."

Rufus rọra jókòó. "O já mi láyà, Níkẹ̀ẹ́. O já mi láyà gan-an."

Hameedat ló wá fọhùn. "Àǹtí, ẹ ò jowú lásán. Mo ti fọgbọ́n bi wọ́n rí bóyá wọ́n ní ẹnìkan. Wọ́n ní àwọn ní. Látìgbà náà lèmi náà ti ń jowú yín."

Nígbà tí Màmá gbọ́ bí Rufus ṣe sáré wá, ó ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Oǹdó, wọn ò fẹnu kan nǹkan kan. Inú Rufus kùn. Hameedat gbójú sókè, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Tèmi nìyẹn o," ni Morẹ́nikẹ́ yára sọ, ó sì di ọwọ́ Rufus mú.