Ẹ Kú Iṣẹ́ Nìkan Kò Tó

Káfíńtà ń fá pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró sẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì. Àbúrò ti lọ ra òwú. Kò ti ilẹ̀kùn. Ó kàn pa á dé, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú. Ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn maṣíìnì ìránṣọ jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Káfíńtà wí.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Àtúnṣe ni. Èyí mà wúwo o."

Ọmọlúàbí kì í wo ẹni tó ń gbẹ́rù níran. Káfíńtà fi ìfági sílẹ̀, ó bá wọn gbé e sọ́kọ̀. "Ẹ rọra o, àbúrò mi ló ni ín."

Nígbà tí àbúrò dé, àmì ẹsẹ̀ àwọn maṣíìnì ló bá lórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Àwọn tó o pè kí wọ́n wá tún maṣíìnì ṣe ni."

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni."

Káfíńtà jókòó sórí pákó tó ń fá.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọlọ́pàábìnrin tí wọ́n yàn sí àdúgbò, ó sì dé. "Bàbá, ẹ rí nọ́ńbà ọkọ̀ náà?"

"Ẹrù tí mò ń bá wọn gbé ni mò ń wò."

"Ẹ ò wá sípàdé ààbò tí káńsù pè?"

Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé aláìríṣẹ́ṣe ló ń lọ sípàdé ọlọ́pàá.

"A ò ní kẹ́ ẹ bá olè jà. Tẹ́ ẹ bá kí wọn tán, ẹ bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Ẹ pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Tọ́rọ̀ wọn ò bá bára mu, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, kẹ́ ẹ pè mí. Nọ́ńbà mi wà lára òpó iná tẹ́ ẹ fi pátákó yín bò yẹn."

"Bọ̀ọ̀dá," ni àbúrò wí jẹ́ẹ́, "ẹ tún wá bá wọn gbé e."

Títí di òní, wọn ò tíì rí maṣíìnì kankan. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò ti wá ibòmíì lọ. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń ránṣọ báyìí. Káfíńtà ti yọ pátákó rẹ̀ lára òpó, kì í sì í pa ìpàdé jẹ mọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró ní títì wọn, yóò kí àwọn tó bá a wá, yóò sì béèrè pé: "Ta ló rán yín?" Ẹni tó wá ṣiṣẹ́ lóòótọ́ kò bínú sí i rí.

Ìwọ tó ń ka èyí, ǹjẹ́ o mọ nọ́ńbà ọlọ́pàá àdúgbò rẹ? Wá a lónìí. Bí o bá rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò rẹ, kí i dáadáa, kó o sì béèrè kó o tó bá a gbẹ́rù.