Ẹ Jẹ́ Kó Wọlẹ̀ Sí I

Alágbàfọ̀ ti ki aṣọ ibùsùn àwọn oníbàárà rẹ̀ bọ omi ọṣẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí pọ́ǹpù tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọpọ́n kún, ọṣẹ ń hó, kò sì sí omi tí yóò fi ṣan aṣọ. Ẹ̀rọ tó ń lo bẹntiróòlù náà ń dún lẹ́bàá kànga lẹ́yìnkùlé, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde lẹ́nu páìpù.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ni wọ́n ń pè ní Ó-ti-yé-mi. Bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, kò ní í jẹ́ kó dé ìdajì kó tó ní, "Ó ti yé mi." Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé lọ́jọ́ tó wá dẹnu ìfẹ́ kọ òun, òun ò tíì dáhùn tó fi ní ó ti yé òun. Èèyàn dáadáa ni. Etí rẹ̀ ni kò ní sùúrù.

Ó pe Onípáìpù, ẹni tó bá wọn ra ẹ̀rọ náà, lórí fóònù. Onípáìpù rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ dá a lóhùn. Ó béèrè bóyá wọ́n rọ omi kún inú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tan án, torí pọ́ǹpù tí inú rẹ̀ gbẹ kò lè fa nǹkan kan. Wọ́n ti rọ ọ́. Ó ní kí wọ́n fún gbogbo oríkèé páìpù le, torí bí afẹ́fẹ́ bá ń ráyè wọlé, omi ò ní í gòkè. Wọ́n ti fún un.

"Á jẹ́ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú omi lọ sísàlẹ̀," ni Onípáìpù wí. "Ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ sí i, kó lè bá omi. Ṣùgbọ́n—"

"Ó ti yé mi, ọ̀gá. Ẹ ṣeun." Ó pa fóònù.

Páìpù ni Onípáìpù ń wí: kí wọ́n so òmíràn mọ́ ọn kí ẹnu rẹ̀ lè rì sómi. Ẹ̀rọ ni Ó-ti-yé-mi gbọ́. Ohun tí Onípáìpù sì fẹ́ fi "ṣùgbọ́n" sọ ni pé ìta gbangba ni kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà.

Káfíńtà kan pákó mọ́ inú kànga, òun àti àbúrò rẹ̀ fi okùn sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ tan án, ó gòkè padà, omi sì tú yàà. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan aṣọ. Kò pẹ́, ẹ̀rọ kú. Káfíńtà gba orí àkàbà sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Èéfín tí ẹ̀rọ tú kò tíì rọ́nà jáde níbẹ̀. Wọ́n rí i tó jókòó sórí pákó bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀, tó gbórí lé orúnkún. Wọ́n pè é, kò dáhùn.

Ìyàwó rẹ̀ pe Onípáìpù padà. Onípáìpù béèrè ibi tí ẹ̀rọ wà. Nígbà tó gbọ́ pé inú kànga ni, ó figbe ta.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Èéfín yẹn ń pani. Ẹni tó bá lọ gbé e, òun náà ò ní í jáde. Ẹ pe panápaná."

Ó pè wọ́n. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti bọ́ bàtà, ó ti gbẹ́sẹ̀ lé àkàbà. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọlé wọn, "ẹ" ló ń fi bá a sọ̀rọ̀, "ọkọ mi" ló sì ń pè é. Ó gbá a mú níbàdí, ó fà á ṣubú, ó dùbúlẹ̀ lé e.

"O ò ní í wọ ibẹ̀," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, ìyàwó wa. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Kò fi í sílẹ̀. Àwọn panápaná dé pẹ̀lú ìbòmú àti àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn wọn, wọ́n gbé káfíńtà jáde, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ti kú. Dókítà ṣàlàyé pé oró tó wà nínú èéfín náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí oorun ló ṣe ń gbé èèyàn lọ.

Nígbà tí obìnrin náà padà délé, ó lọ sídìí ọpọ́n, ó sì ń fi omi tí pọ́ǹpù ti fà ṣan aṣọ tó kù. Kò sunkún. Gbogbo ara rẹ̀ dà bí apá tí èèyàn sùn lé, tó jí, tí kò mọ̀ pé òun lapá. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ kò kí i mọ́. Ó ń sọ káàkiri pé ó di òun mú títí ẹ̀gbọ́n òun fi kú. Ìyá ọkọ rẹ̀ bi í bóyá kò dùn ún.

"Ẹ jẹ́ kó máa yan odì, màmá," ló wí. "Ẹni tó wà láyé ló ń yan odì."

Ẹ̀yin tí ẹ ní kànga nílé, bí pọ́ǹpù bá kọ̀ tí kò fa omi, ẹ gbọ́rọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n dópin, kí ẹ sì bi í pé kí ló ń sọ gan-an. Ẹ má gbé ẹ̀rọ elépo sínú kànga láé. Bí omi bá jìn ju ibi tí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ lè fà dé, èyí tó ń lo iná mànàmáná, tí wọ́n ṣe láti máa gbé inú omi, ni kí ẹ wá. Bí ẹni yín bá sì ti dákẹ́ sínú kànga, ẹ pe panápaná, kí ẹ di ẹni tó kù lókè mú. Bó bá fẹ́, kó bá yín jà.