Ohùn Àwẹ̀ró

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òmù-Àrán ni mo ti kọ́kọ́ rí Uwais. Ó gbé páálí kan wọlé, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n bá òun sikáànì gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gé ojú ìwé ẹ̀yìn wọn pamọ́ láti ọdún gbọ́nhan.

Àwọn àgbà agbègbè wa mọ àwòrán-ìtàn tó máa ń wà lójú ìwé ẹ̀yìn yẹn dáadáa: Àwẹ̀ró Nílùú Òkúta. Àfẹ́sọ́nà Àwẹ̀ró lọ sóko ọdẹ, ó ṣìnà wọ ìlú kan tí gbogbo ará ibẹ̀ ti di òkúta, òun náà sì di òkúta. Àwẹ̀ró wá a títí ó fi rí i, ó wá jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n kó wa láti ilé ẹ̀kọ́ lọ wo àwọn ère òkúta Èsìẹ́, Àwẹ̀ró ni mo ń wá láàárín wọn.

Bí mo ṣe ń sikáànì wọn ni mo ń kà wọ́n sókè, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà," ni Uwais wí.

Mo tún un kà: "N ó jókòó tì ọ́ títí o ó fi dáhùn."

Ó ní òun fẹ́ sọ ìtàn náà di fíìmù kàtúùnù, pé ọmọ ẹni tó yà á ti fọwọ́ sí i, pé irú ohùn mi yìí gan-an ni òun ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà yẹn. Ta ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí orí rẹ̀ ò ní wú?

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìfẹ́ ti kó sí wa lórí.

"Ayọ̀ mi," ló máa ń wí, "tí fíìmù yìí bá ti parí, màá kó àwọn ẹbí mi wá bá Alfa. Ọdún kan péré."

Alfa ni bàbá mi, Alfa Sàlíhù. Ọdún kan yẹn di mẹ́fà. Lọ́dún kan, ó tún gbogbo irun orí Àwẹ̀ró yà. Lọ́dún kejì, iná wá lójijì, ó jó kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ dá sí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní ìrìn Àwẹ̀ró ò jọ ìrìn ọmọ Ìgbómìnà tó ru omi, kí n ru garawa omi lọ sókè sódò nínú àgbàlá wọn kí òun lè wò ó. Mo rù ú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ru omi fún kàtúùnù.

Nílé, ìyá mi, Fulera, ti dákẹ́ ìbéèrè, ìdákẹ́ wọn sì ń rẹ̀ mí ju ìbéèrè lọ. Lóṣù tó kọjá, Bashir tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Omupo, tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ mi. Lọ́jọ́ Ajé, bàbá mi pè mí jókòó.

"Mardiyah, mi ò kórìíra Uwais. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rán ẹnikẹ́ni sí mi rí, kí ni kí n sọ pé ó fẹ́? Tó bá fẹ́ ọ lóòótọ́, kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá kí a tó kírun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Tí wọn ò bá wá, màá dá àwọn ará Omupo lóhùn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sọ fún Uwais. Ó di ọwọ́ mi mú.

"A máa wá, ayọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan."

Àwọn tó fẹ́ gbé fíìmù náà jáde l'Ékòó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ohùn Àwẹ̀ró tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu mi lọ́dún àkọ́kọ́. A ní láti gbà á sílẹ̀ ní tuntun.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí aládùúgbò wọn tó tan ẹ̀rọ ìlọta tó ń pariwo, mo ti dé ilé wọn. Uwais ti gbé fóòmù ibùsùn ti fèrèsé kí ariwo má bàa wọlé. Ó fi íàpíìsì sétí, ó ní kí n máa sọ̀rọ̀.

"N ó jókòó tì ọ́ títí o ó fi dáhùn."

"Tún un sọ. Ẹ̀rín wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn."

Mo sọ ọ́ nígbà mẹ́rin. Kò bọ́ sí i. Ó wá fi ti àtijọ́ sí i fún mi kí n gbọ́. Mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan tí kò dúró de ẹnikẹ́ni rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Uwais, ọmọ yẹn ò sí mọ́. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ̀ ọ́?"

"Ó rẹ̀ mí gan-an. Mo fẹ́ràn rẹ, ó sì rẹ̀ mí."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ló bá yí sí kọ̀ǹpútà.

"Bó o ṣe sọ ìyẹn gan-an ni kó o ṣe sọ ti Àwẹ̀ró. Jọ̀ọ́, má yí ohùn padà."

Mo sọ ọ́. Mi ò díbọ́n rárá. Nígbà tí mo parí, ó yọ íàpíìsì létí, omi ti dé ojú rẹ̀.

"Mardiyah, ohun tí fíìmù yìí ti ń wá láti ọdún mẹ́fà nìyí. Ojú Àwẹ̀ró tí mo yà ò lè gbé ohùn yìí, mo ní láti tún un yà. Bá mi bẹ Alfa. Oṣù mẹ́ta sí i."

Mi ò bínú. Agbára ìbínú gan-an ò sí lára mi. Mo fi etí híjáàbù mi nu ojú rẹ̀, mo sì sọ fún un pé fíìmù náà máa dára. Òótọ́ ni mo sọ. Lẹ́yìn náà mo gun ọ̀kadà lọ sílé.

Bàbá mi ń pọ́n àdá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń bọ̀ lọ́la?"

"Rárá, Alfa. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ará Omupo."

Wọ́n gbé àdá sílẹ̀. Wọ́n wo ojú mi dáadáa, wọ́n ní ṣé mo ti sunkún ni. Mo ní rárá, oorun ló ń kùn mí.

"Lọ sùn, ọmọ mi."

Mo wọlé, mo sùn. Nígbà tí mo máa jí, wọ́n ti kírun alásàrì tán.