Ọwọ́ Tí Ọ̀gágun Bọ̀ Létí Isà Òkú

Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ọtí àmuyó tàbí olè jíjà nìkan. Ọ̀gágun Egon von Rathmin kì í mutí yó, kì í jalè, kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní gbogbo ilẹ̀ Pomeráníà níbi tó ń gbé, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ogun mẹ́ta ló ti jà fún ọba. Ṣùgbọ́n ó ní òrìṣà kan tó ń bọ, orúkọ òrìṣà ọ̀hún sì ni Ọlá Ìdílé Rathmin.

Ọmọkùnrin méjì ni Sidonie aya rẹ̀ bí fún un. Leberecht ni ẹ̀gbọ́n, Henning ni àbúrò, àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí bàbá wọn ń darí.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọ̀gá ológun ń jẹun, ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Brusenitz fi Leberecht ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó ń ka Bíbélì.

“Aládùúrà, gbé ife rẹ mu, àbí o fẹ́ kọ́kọ́ bi Mósè léèrè ni?”

Leberecht rẹ́rìn-ín. “Mo ti bi í. Ó ní kí n sọ fún yín pé tiyín ti tó.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Brusenitz, ó sì fọ́ ọ létí.

Láàárín àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n bá gbá létí gbọ́dọ̀ pe ẹni tó gbá a síta, kí wọ́n jọ yìnbọn síra wọn ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Bí kò bá pè é, ojo ni, ojo sì ni gbogbo ilé rẹ̀. Leberecht kọ̀. Ó ní òun kò ní tìtorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa ènìyàn.

“Mo ti dárí jì í, Bàbá.”

“Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí ji òun?” ni ọ̀gágun jágbe. “Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ̀sín ni ìwọ sì gbé wálé fún mi! Jáde kúrò níwájú mi!”

Sidonie sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Kò gbọ́. Leberecht kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí níwèé ní abúlé kejì.

Síbẹ̀ ẹ̀gàn náà kò lọ. Bí ọ̀gágun bá wọ àárín ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn a dákẹ́ lójijì. Oṣù mẹ́jọ ló fi fara dà á. Nígbà tó yá, ó pe Henning, ọmọ ogún ọdún, ó gbé ìbọn ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

“Lọ bá Brusenitz. Lọ fọ orúkọ wa mọ́.”

Henning kò janpata. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá jókòó ti ọbẹ̀ bíà gbígbóná tí wọ́n máa ń mu láàárọ̀ níbẹ̀, ó ń dúró de ọmọ rẹ̀. Orí ilẹ̀kùn àká ni wọ́n gbé Henning lé wá sílé láti inú igbó létí adágún, níbi tí òun àti Brusenitz ti yìnbọn síra wọn. Ọta ti wọ̀ ọ́ níkùn. Ó lajú, ó wo ọ̀gágun.

“Bàbá, ṣé orúkọ wa ti mọ́ báyìí?”

Kí bàbá tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ ti kú.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Brusenitz náà wá. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wọn: bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ṣàn, ìjà ti parí nìyẹn, apànìyàn lè wá kí bàbá òkú.

“Ọ̀gágun, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọkùnrin gidi ni ọmọ yín.” Ó na ọwọ́.

Ọ̀gágun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá ológun mi orí pé ó ṣe é bí ọmọ ọlọ́lá.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ku Jochen Prill nìkan pẹ̀lú rẹ̀ létí isà òkú. Sájẹ́ǹtì àtijọ́ ni, tó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lójú ogun.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lé mi.”

“Sọ ọ́.”

“Ẹ bọ ẹni tó pa Henning lọ́wọ́. Leberecht tí kò pa ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn ògiri itẹ́ òkú yẹn láti àárọ̀, òjò ń pa á, torí ẹ ní kò gbọ́dọ̀ wọlé.”

Ojú ti ọ̀gágun. Kì í ṣe irú ìtìjú tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó ń ti ènìyàn níwájú ẹgbẹ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi í sí.

“Ojo ni Leberecht,” ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ojo kẹ̀? Wọ́n gbá Jésù náà létí, Ọ̀gá, nílé olórí àlùfáà. Gbogbo ọmọ ogun ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, kò pe ẹyọ kan. Ẹ̀yin ní ikú yá ju ẹ̀sín. Òun gba ikú, ó tún gba ẹ̀sín mọ́ ọn, nítorí yín.”

Ọdọọdún ni ọ̀gágun ń gbọ́ ìtàn náà láti orí àga gíga ìdílé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò rò ó wò rí. Ó wá yé e pé bí Jésù bá jẹ́ ọmọ bíbí inú òun ni, òun ì bá ti lé e jáde nílé.

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Olúwa, kì í ṣe Brusenitz. Èmi ni. Mo fi ọmọ mi bọ orúkọ mi. Ṣàánú mi.”

Prill ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi orúnkún kan ṣoṣo tó ní kúnlẹ̀ tì í.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀gágun dìde, ó lọ sẹ́yìn ògiri. “Ọmọ mi, jọ̀ọ́” nìkan ló rí sọ. Leberecht bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo bàbá rẹ̀ léjìká.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọ̀gágun dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú àgbẹ̀ àti ọlọ́lá, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Ìtìjú yẹn kò pa á. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò jí Henning dìde, ó sì tó ọdún méjì kí Sidonie tó lè bá a jẹun nídìí tábìlì kan náà.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, kí ni ò ń bọ? O lè má ní ìbọn. Ta ni o kò kí mọ́ nítorí pé o kò fẹ́ kí ojú tì ọ́? Ta ló ń jìyà ìgbéraga rẹ nínú ilé rẹ, ṣé aya ni àbí ọmọ? Jésù tí wọ́n gbá létí nítorí rẹ ń pè ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un, má fi bò. Kò ní lé ọ.

Ọ̀gágun rí àánú gbà, ṣùgbọ́n ó sin ọmọ kó tó kúnlẹ̀. Àwọn tìrẹ ṣì wà láàyè. Kúnlẹ̀ lónìí.