Ìparí Ìwé Àbíkẹ́

Àpò ìwé náà tutù. Ohun tó kọ́kọ́ bí Fọláhànmí nínú nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ di eruku, síbẹ̀ àpò ìwé tí wọ́n tì sábẹ́ géètì rẹ̀ nítòsí Takie tutù bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni Fọláhànmí, ẹni ọgọ́ta ọdún. Òun ni wọ́n máa ń gbé ìwé ìtàn tí wọ́n bá kọ fún àwọn ọ̀dọ́ fún, pé kó kà á, kó sọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Kì í fi ojú àánú wo ìwé. Àwọn òǹkọ̀wé a máa ní bírò pupa rẹ̀ dùn wọ́n ju pàṣán lọ.

Orúkọ tó wà lára èyí kò ju ẹyọ kan lọ: Àbíkẹ́, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Orúkọ náà gún un lọ́kàn díẹ̀, nítorí ó ní àbúrò kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mélòó ni Àbíkẹ́ tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́? Ó ṣí i, ó ń kà.

Ìtàn ọmọdébìnrin kan tó já sínú kànga ilé bàbá rẹ̀ ni. Ó bá ìlú kan nísàlẹ̀ omi, níbi tí ẹja ti ń ṣọ́ bodè, tí wọ́n ń fi ìkarahun bo ilé. Ọmọ náà di ọ̀kan lára wọn. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, a gun òkè wá sí ẹnu kànga, a pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó lábẹ́ igi ọsàn. Ẹ̀gbọ́n náà kò dáhùn rí.

Ìwé náà dùn. Fọláhànmí ń mi orí títí ó fi dé ojú ìwé ogójì. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti sọ pé: “Ó gbọ́ mi. Inú ló ń bí i nítorí mo fa ìwé àlọ́ rẹ̀ ya. Ó ń kàwé rẹ̀ lọ.”

Bírò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí alààyè mìíràn tó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta sẹ́yìn, Àbíkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, di okùn kànga mú, ó ké sí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó já sínú omi. Fọláhànmí sọ fún gbogbo ilé pé òun kò gbọ́. Fún ara rẹ̀, ẹ̀kọ́ ìyá wọn ló fi ń ṣe àwáwí: bí o bá gbọ́ ìpè tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Òun kò kúkú rí Àbíkẹ́ láti abẹ́ igi ọsàn. Ṣùgbọ́n ó mọ ohùn rẹ̀ dáadáa.

Ta ló wá ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́? Orí rẹ̀ gbóná. Ẹlòmíràn ìbá dáná sun ìwé náà. Tíṣà ni òun ní tirẹ̀, ó ṣa bírò rẹ̀ nílẹ̀.

“Ibi tó dára,” ló kọ. “Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà dà bíi ti ọmọ lóòótọ́. Ìlú abẹ́ omi náà fani mọ́ra, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ òórùn ẹrẹ̀ rẹ̀. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Àárín rẹ̀ gùn jù. Ẹ̀gbọ́n náà burú ju ohun tí èèyàn lè gbà gbọ́ lọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í ṣìkà bẹ́ẹ̀. Kò sì ní ìparí. Ìpè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn kì í ṣe ìparí. Lọ tún un kọ!” Ó tẹ bírò débi pé ìwé ya.

Emmanuel ló gbé e lọ, awakọ̀ tó ń ná Takie sí Ọ̀yọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpò ìwé mìíràn dé. Èyí náà tutù.

“Ọmọbìnrin kékeré kan ló gbà á lọ́wọ́ mi, Mọ́mì. Ó ní òun ti tún un kọ.”

“Lójú ẹsẹ̀?”

“Lójú ẹsẹ̀, mà.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán mi síbẹ̀ mọ́. Omi ń kán lára ẹ̀, ilẹ̀ tó dúró sí ò sì tutù. Àdúrà ni mo ń gbà dé ibí.”

Ẹ̀rù ì bá sàn fún Fọláhànmí. Ìbínú ló yàn. “Gbé mi lọ,” ló wí, kò tilẹ̀ ṣí àpò ìwé náà.

Wọ́n kọjá Akẹ̀sán, wọ́n wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Emmanuel dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tí ọmọ náà ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò wọlé. Ilé bàbá Fọláhànmí ni. Mùjídàt, ìyàwó ìbátan wọn tó ń gbé ilé náà báyìí, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lójúde. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ẹ kú ìrìn.”

“Níbo ni ọmọ yẹn wà?”

“Ọmọ wo, mà? Kò sí ọmọbìnrin nílé yìí. Ọkùnrin méjì ni mo bí, Ìbàdàn ni wọ́n wà.”

Fọláhànmí kò dúró gbọ́ tán. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Kànga náà ṣì wà níbẹ̀, kankéré tí bàbá wọn fi dí i lẹ́nu lọ́dún náà lọ́hùn-ún kò sán. Wọ́n ti gé igi ọsàn, ó ku kùkùté. Ó jókòó lé e, níbi tó jókòó sí lọ́jọ́ náà gan-an, ó wá já àpò ìwé náà.

Ojú ìwé ìkẹyìn nìkan ló yí padà. “Tíṣà ní ìtàn mi kò ní ìparí. Òótọ́ ni. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tún pè é. Mo ní, Àǹtí mi.” Ìyókù ojú ìwé náà ṣófo.

“Àǹtí mi.”

Abẹ́ kankéré ni ohùn náà ti wá. Kò le. Ohùn ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gbé garawa ni.

Ìbínú ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ru bo Fọláhànmí lójú: ìbínú sí ọmọ tó fa ìwé ya, sí ìyá tó kọ́ ọ ní àwáwí, àti sí ara rẹ̀ jù lọ. Kò ráyè pa ẹnu dé.

“Kí ló dé?” ló fi ariwo ta. “Kí lo tún ń fẹ́ lọ́wọ́ mi?”



“Mọ́mì,” Mùjídàt bi í láti ojúde, “ta lẹ ń dá lóhùn?”

Fọláhànmí bojú wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Lábẹ́ ìpè náà, níbi tó ṣófo, ọ̀rọ̀ tuntun ti ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó ṣì tutù. Kì í ṣe ìkọ̀wé ọmọdé. Bírò pupa ni, ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ sì ni: “Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Ó dìde lórí kùkùté, ó ń bọ̀ wá bá mi.”

Fọláhànmí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ti dìde.