Ohun Tí Ọwọ́ Àbúrò Mi Sọ

"Ohunkóhun tó bá fọwọ́ sọ, má dá a lóhùn," ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa wí fún mi ní ọ́fíìsì rẹ̀. "Àwọn àlejò kò gbọ́ èdè ọwọ́. Ìwọ ṣá ti sọ pé inú rẹ̀ dùn, pé à ń tọ́jú rẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, sà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní tó bá di sáà tó ń bọ̀, òun kò rí ẹni tí òun lè fi ṣe olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin bí kò ṣe èmi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, oyè yẹn sì ti ń wọ̀ mí lójú tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ló ń sọ. Ibà ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Èmi àti ìyá wa kọ́ èdè ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀, títí ó fi di pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fọwọ́ ṣàwàdà, ká sì fọwọ́ jà. Nígbà tí òfin jáde pé kí àwọn ọmọ tó ní àìlera máa kẹ́kọ̀ọ́ láàrin ẹgbẹ́ wọn, ilé-ẹ̀kọ́ wa yára kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: ÀYÈ WÀ FÚN GBOGBO ỌMỌ. Àyè wà lóòótọ́. Ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ni àyè àbúrò mi.

Olùkọ́ èdè wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà Pátákó, kì í kọjú sí kíláàsì. Pátákó ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Àbúrò mi tí ì bá fojú ka ètè rẹ̀ kò rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń fún wọn ní àpèkọ: yóò máa pe ọ̀rọ̀, wọn yóò sì máa kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àpèkọ, fún ọmọ tí kò gbọ́rọ̀! Òdo ni yóò gbà, wọn yóò sì nà án nítorí òdo. Mo mọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tó wú yẹn náà ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé.

Àwọn àlejò mẹ́ta dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ìyá kan tó wọ awò ojú ni olórí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àbúrò mi, ó ní, "Báwo ni ẹ̀kọ́ rẹ ṣe ń lọ?"

Mo fọwọ́ bi í bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yára: "Ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí. Tíṣà kì í wò mí. Wọ́n ń nà mí nítorí ohun tí n kò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tí yóò máa túmọ̀ ohun tí wọ́n ń wí."

Ọ̀gá àgbà húkọ́.

"Ó ní inú òun dùn púpọ̀," ni mo wí. "Ó ní àwọn olùkọ́ fẹ́ràn òun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ti gbàgbé pé àbúrò mi ń ka ètè, pé nínú gbogbo ètè ayé, tèmi ló mọ̀ jù. Ó wò mí. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí abíyá, kò sì yọ wọ́n títí àwọn àlejò fi lọ.

Ó di ọjọ́ karùn-ún tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá wa, tó ń ránṣọ, gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Kí lo ṣe fún àbúrò rẹ?"

Mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi nítorí ọmọ yìí," ó wí. "Ojú kò tì mí. Òní ló tì mí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àwọn yẹn kò mọ ohun tó ń sọ. Ìwọ mọ̀."

Mo ní n ó lọ sọ òtítọ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ tẹ̀ lé mi. Mo ní rárá, èmi tí mo bà á jẹ́ ni n ó tún un ṣe.

Ìyá aláwò ojú gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ṣí fáìlì kan. "Ohun tí ẹnu rẹ sọ ni mo kọ síbí. Ti ọjọ́sí ni kí n gbà gbọ́ ni, àbí ti òní?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ní, "Ẹ má gba tèmi gbọ́, mà. Ẹ mú ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè ọwọ́ dání, kí ẹ bi àbúrò mi fúnra rẹ̀. Ẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì, lásìkò àpèkọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta kọjá. Wọ́n nà án ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ẹ̀kẹrin, mo rí àwọn àlejò náà láti fèrèsé kíláàsì wa tó dojú kọ tiwọn. Wọ́n bá àbúrò mi tó na ọwọ́ sílẹ̀, pàṣán sì wà lókè.

"Kí ni ọmọ yìí ṣẹ̀?" ni ìyá aláwò ojú bi í.

"Òdo ló gbà, mà," ni Tíṣà Pátákó wí.

"Nínú kí ni?"

"Nínú àpè..." Ó gbé pàṣán pamọ́ sẹ́yìn.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọwọ́ àbúrò mi kò fi sinmi, ògbufọ̀ tí wọ́n mú wá sì ń tú u bó ṣe rí. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Wọn kò lé ọ̀gá àgbà lọ. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún un. Ó pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ó sì gbé oyè fún ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti wà níwájú báyìí, wọ́n ti gbé pàṣán kúrò, ògbufọ̀ sì ń wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Márùn-ún la bèèrè. Wọ́n ní kí á máa dúpẹ́. N kò dúpẹ́! Ẹ̀tọ́ kì í ṣe ìtọrẹ.

Ìgbà ìsinmi ni àbúrò mi tó wá bá mi. Ó fọwọ́ bi mí pé, "Bí wọ́n bá tún ní kí o túmọ̀ ohun tí mo sọ ńkọ́?"

"Ohun tí o bá sọ gan-an ni n ó sọ."

"Bó bá ṣe èébú ńkọ́?"

Ó wá bú mi láìdá nǹkan kan sí, mo sì ń kéde rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ìyá wa, pé orí mi rí bí ìsáásùn, pé ojo ni mí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn dùn mí, nítorí òtítọ́ ni. Mo sọ ọ́ náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹlòmíràn, ẹnu àyálò ló ń lò. Bó bá fi wá oyè fún ara rẹ̀, olè ni, mo sì ti jalè bẹ́ẹ̀ rí. Òfin tó dára jù lọ lè wà lára ògiri títí ọ̀dà rẹ̀ yóò fi ṣí. Kò ní gba ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àwa tí a mọ òtítọ́ bá ń fi irọ́ kun ògiri náà lọ́dà.