Rédíò Òdìkejì Títì

Apá kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà kì bọ ẹ̀wù nígbà tí ọmọbìnrin aránṣọ kọ́kọ́ rí i; ọwọ́ ẹ̀wù kejì ń fì lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bọ́tìnì tó já wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí eyín ọmọdé. Òun ló ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì títì.

"Alápá-kan, ẹ wọlé," ni aránṣọ wí.

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Òun náà sọ aránṣọ ní Abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ìfẹ́ wọn jinlẹ̀, Alápá-kan sọ fún un pé òun fa igbó nígbà tí ìyá òun kú, tí kò sẹ́ni tó ń bi òun bóyá òun jẹun. Ó ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Ó sọ ọ́ fún bàbá Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí igbó ba ayé àbúrò rẹ̀ jẹ́.

"Iṣẹ́ tí ò ń wá ní pápá bàlúù," ni bàbá wí, "ìjọba á wádìí rẹ kí wọ́n tó gbà ọ́. Tí wọ́n bá fọkàn tán ọ, èmi náà á fọkàn tán ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Àwọn ọ̀rẹ́ Alápá-kan ní kó gbé ọ̀rọ̀ igbó mì níwájú ìjọba, pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ó kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ìjọba, kò fi han ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ ló fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ìgbà tí àwọn olùwádìí ti gba orúkọ Abẹ́rẹ́ tán ni wọ́n sọ fún un pé òun àti ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ìwádìí á fi parí.

Títì kan péré ló wà láàrin wọn. Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ ọ tó ń wúkọ́, kò lè bi í bóyá ó ti lo nǹkan. Lọ́sàn-án, Alápá-kan á yí rédíò sókè tí wọ́n bá ń kọ orin tí Abẹ́rẹ́ fẹ́ràn. Lọ́jọ́ kan, orin náà dákẹ́ lójijì. Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Ọwọ́ Alápá-kan wà lórí rédíò, ó sì rọra mi orí. Orin náà ti di ọ̀rọ̀ láàrin wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n má sọ. Kò yí i sókè mọ́. Abẹ́rẹ́ sunkún sórí aṣọ oníbàárà, ó ní omi áyọ́ọ̀nù ló ta sí i.

Nígbà tó yá, obìnrin olùwádìí dé, ó béèrè bóyá ọkùnrin náà ti lo oògùn olóró rí. Abẹ́rẹ́ fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó ń rò ó. Bí Alápá-kan bá ti fi í pamọ́ fún wọn, òótọ́ ẹnu òun ni yóò sin ín. Bó bá sì ti jẹ́wọ́, irọ́ òun ni. Ó rántí rédíò tó dákẹ́.

"Ó fa igbó rí, mà. Ó ti fi í sílẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ó pẹ́. Títí ọ̀sán kan tí orin náà tún gbòde, tó ń mi gíláàsì fèrèsé. Bàbá, tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, béèrè ẹni tó ń di àwọn létí. Alápá-kan ti ń sọdá títì, apá kan nínú ẹ̀wù funfun, bọ́tìnì lọ́wọ́.

"Wọ́n ti fọkàn tán mi, bàbá."

Abẹ́rẹ́ gba bọ́tìnì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Èyí ò já fúnra rẹ̀. Ìwọ lo já a."

"Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè gbé wá."

Bàbá dìde, ó ti àga rẹ̀ sí Alápá-kan.

"Jókòó kó bá ọ rán an. Ọkọ ọmọ mi ò ní máa rìn lápá kan."